Bí Èso Igbó Bá Gbẹ, Ṣé Agbára Rẹ̀ Náà Ń Gbẹ?

Ìyẹ̀fun ló fa ọ̀rọ̀ tòní. Ẹ ó ti rí wọn: ìyẹ̀fun èso oṣè, ìyẹ̀fun àgbálùmọ̀, ìyẹ̀fun èso igbó kan báyìí tí wọ́n dì sínú ọ̀rá kékeré, tí wọ́n ń polówó rẹ̀ lórí WhatsApp. Wọ́n á ní antioxidant kún inú rẹ̀ bámúbámú, pé fítámì C rẹ̀ ju ti èso tútù lọ ní ìlọ́po méjì. Àwọn kan tilẹ̀ ń fi kún un pé ó ń wo jẹjẹrẹ. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà á gbọ́, á fi oògùn tí dókítà kọ fún un sílẹ̀, á máa po ìyẹ̀fun mu láàárọ̀ lálẹ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti le nìyẹn.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ wò ó. Kí ló ń ṣẹlẹ̀ gan-an sí èso nígbà tó bá ń gbẹ? Kí ló ń lọ, kí ló ń kù, àbí nǹkan kan tiẹ̀ wà tó ń pọ̀ sí i? Ẹ ó rí i pé gbólóhùn "ó ju ti tútù lọ ní ìlọ́po méjì" yẹn lè jẹ́ òótọ́ pọ́ńbélé, kó sì tún jẹ́ ẹ̀tàn. A ó dé ibẹ̀.

Ta ni antioxidant, iṣẹ́ wo ló ń ṣe?

Irin tí òjò ń pa máa ń dógùn-ún. Iṣu tí a bó sílẹ̀ láìfi sómi máa ń dúdú. Epo tí a tọ́jú pẹ́ jù máa ń yí òórùn padà. Ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ló lọ́wọ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọ́síjìn kan náà tí a ń mí sínú tí a fi wà láàyè. Bí sẹ́ẹ̀lì ara wa ṣe ń lo ọ́síjìn láti sọ oúnjẹ di agbára, àwọn mólékù kan máa ń jáde tí ẹ̀lẹ́ktrọ́nù wọn kò pé. Ẹ̀lẹ́ktrọ́nù fẹ́ràn láti máa wà ní méjì-méjì, èyí tó bá dá wà kò ní sinmi. Irú mólékù bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní free radical. Á já ẹ̀lẹ́ktrọ́nù gbà lọ́wọ́ aládùúgbò rẹ̀, aládùúgbò náà á di aláìní, òun náà á lọ já ti ẹlòmíì gbà.

Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí tí wọ́n bá jí bàtà ẹnì kan lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, tóun náà wá ki ẹsẹ̀ bọ ti ẹlòmíì lọ sílé? Ẹni kẹta á jáde, kò ní bá tirẹ̀, òun náà á wọ ti ẹni kẹrin. Bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Antioxidant ni ẹni tó gbé bàtà méjì wá: á fún aláìní ní ọ̀kan, kò sì ní torí ìyẹn jí ti ẹnikẹ́ni. Ibẹ̀ ni ìjàdù náà á ti dúró.

Ara wa ń ṣe púpọ̀ nínú àwọn antioxidant tirẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹ má gbàgbé ìyẹn. Àwọn yòókù wá láti inú oúnjẹ. Fítámì C ni gbajúmọ̀ wọn. Ewúrẹ́ tó ń jẹ̀ kiri àdúgbò lè ṣe fítámì C tirẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀, èèyàn kò lè ṣe é, àfi ká jẹ ẹ́. Ní 1747, James Lind, dókítà inú ọkọ̀ ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pín atukọ̀ 12 tí eyín wọn ń ṣẹ̀jẹ̀, tí ara wọn ń wú, sí méjì-méjì, ó sì fún ìdìpọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ohun tó yàtọ̀. Àwọn méjì tó jẹ ọsàn àti ọsàn wẹ́wẹ́ ló tètè gbádùn jù. Ó tó nǹkan bí igba ọdún lẹ́yìn náà kí Albert Szent-Györgyi, ọmọ ilẹ̀ Húńgárì, tó fa fítámì C náà yọ gédégbé, tí wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1937. Mílígíráàmù 45 lóòjọ́ ni àjọ ìlera àgbáyé sọ pé ó tó àgbàlagbà. Kò pọ̀ rárá.

Lẹ́yìn fítámì C, àwọn carotenoid wà, àwọn ló ń fún epo pupa àti ìyeyè ní àwọ̀ wọn. Àwọn polyphenol náà wà, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ni wọ́n, wọ́n sì lé ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún.

Mẹ́rin nínú àwọn èso wa

Ìyeyè ni n óò kọ́kọ́ mú, torí ojú ló ń fi ohun tó wà nínú rẹ̀ hàn. Àwọ̀ rẹ̀ yẹn, carotenoid ni. Èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ ni wọ́n ń pè ní beta-cryptoxanthin, tí ara wa lè sọ di fítámì A. Igi yìí kan náà wà ní Bràsíìlì. Níbẹ̀, cajá ni wọ́n ń pè é, wọ́n ń fún omi rẹ̀ mu, wọ́n ń fi í ṣe áísìkiriìmù. Àwa níbí, ọmọdé ló ń ṣa á nílẹ̀, èyí tó pọ̀ jù sì ń jẹrà sábẹ́ igi. Ó dùn mí díẹ̀.

Àgbálùmọ̀ ní tirẹ̀, polyphenol ni ẹnu fi ń mọ̀ ọ́n. Ẹ rántí bí ahọ́n ṣe máa ń yi tí ẹnu á sì gbẹ táútáú tí a bá jẹ èyí tí kò tíì pọ́n dáadáa? Tannin ló ń ṣe é. Ó ń di mọ́ purotéènì inú itọ́ wa, itọ́ náà kò wá ní yọ̀ mọ́.

Awin àti oṣè wá ni aláràbarà, torí pé wọn kì í dúró de kí èèyàn sá wọn. Orí igi ni wọ́n ti ń gbẹ. Awin wà nínú èèpo dúdú tó rí bí àrán. Tí ẹ bá fọ́ ọ, ẹran ara rẹ̀ ti gbẹ, ó ti di bí ìyẹ̀fun, ó ń kan, ó ń dùn. Bákan náà ni oṣè: lẹ́búlẹ́bú funfun inú rẹ̀ ti gbẹ sínú igbá líle tó bò ó. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí àwọn méjèèjì ló máa là wá lójú nípa gbígbẹ.

Kí ló ń jẹ antioxidant run nígbà tí èso bá ń gbẹ?

Àkọ́kọ́ ni ọ̀bẹ. Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀bẹ, kí oòrùn tó dé rárá. Nínú èso tó wà lódidi, polyphenol wà ní yàrá tirẹ̀, ẹ́ńsáìmù tó ń bà á jẹ́ sì wà ní yàrá mìíràn. Tí a bá gé e, ògiri á wó, wọ́n á pàdé, ọ́síjìn á wọlé bá wọn. Ohun tó máa ń jáde ni àwọ̀ pupa rúsúrúsú tàbí dúdú. Ẹ̀yin tí ẹ ń jẹ àmàlà iṣu, ẹ ti mọ àwọ̀ náà tipẹ́: polyphenol inú iṣu ló yí padà bẹ́ẹ̀ nígbà tí iṣu ń di èlùbọ́. Kò ní májèlé nínú o, ẹ máa jẹ àmàlà yín. Ohun tí mò ń sọ ni pé bí èso tí a gé ṣe ń dúdú lójú wa, polyphenol rẹ̀ ló ń lọ yẹn.

Èkejì ni ooru. Fítámì C kò fẹ́ràn ooru, pàápàá tí omi àti ọ́síjìn bá tún wà níbẹ̀. Carotenoid náà ní ibi tí ara rẹ̀ mọ: ẹ wo bí epo pupa ṣe máa ń ṣí tí a bá gbé e kaná pẹ́ fún ọbẹ̀ àyámáṣe. Àwọ̀ tó lọ yẹn, carotenoid ni.

Ẹ̀kẹta ni ìmọ́lẹ̀. Oòrùn tó ń bá wa gbẹ èso náà ló ń pa carotenoid rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìyeyè tí a sá sínú oòrùn gbangba fi máa ń ṣì láwọ̀ ju èyí tí a sá síbi tí òjìji wà.

Ẹ̀kẹrin ni àkókò, òun sì ni àwọn èèyàn kì í kà sí. Ọ̀pọ̀ rò pé bí iná bá ṣe kéré tó ni ó ṣe dára tó. Kò rí bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Tí a bá sá èso sí ibi tí kò gbóná rárá, ó lè gba ọjọ́ mẹ́ta, mẹ́rin, kó tó gbẹ. Ní gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn, ẹ́ńsáìmù ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ lọ, ọ́síjìn ń ṣe tirẹ̀. Ooru tó mọ níwọ̀n, bíi 60°C, tó gbẹ ẹ́ láàárín wákàtí díẹ̀, lè tọ́jú polyphenol ju oòrùn ọjọ́ mẹ́rin lọ. Tí ó bá wá gbóná jù, fítámì C á san gbèsè náà. Ìdúnàádúrà ni gbogbo rẹ̀.

Ẹ wá padà sọ́dọ̀ awin àti oṣè. Ẹnikẹ́ni kò gé wọn, nítorí náà ohun tó wà ní yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kò pàdé bẹ́ẹ̀. Èèpo bò wọ́n, ìmọ́lẹ̀ kò rí wọn. Wọ́n sì kan, fítámì C sì máa ń pẹ́ sí i níbi tó bá kan. Ọgbọ́n tí à ń wá kiri, igi méjèèjì ti ń lò ó tipẹ́. Ní 2008 ni àwọn orílẹ̀-èdè tó parapọ̀ ní Yúróòpù fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa ta lẹ́búlẹ́bú oṣè gẹ́gẹ́ bí oúnjẹ lọ́dọ̀ tiwọn. Àmọ́ o, ìwọ̀n fítámì C inú oṣè yàtọ̀ gan-an láti igi kan sí èkejì, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi nọ́ńbà kan ṣoṣo kó gbogbo wọn pọ̀.

Ìṣirò tó ń tan èèyàn jẹ

Ẹ mú bírò. Ẹ jẹ́ ká ní a ní èso tútù gíráàmù 100. Gíráàmù 80 nínú rẹ̀ jẹ́ omi, ohun gbígbẹ inú rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 20, fítámì C rẹ̀ sì jẹ́ mílígíráàmù 50. Èso àpẹẹrẹ ni o, èmi ni mo yan nọ́ńbà náà kó lè rọrùn. A wá sá a títí omi inú rẹ̀ fi ku ìdá 10 nínú 100. Báwo ló ṣe máa wúwo tó? Gíráàmù 22 àti díẹ̀. Ká sọ pé ìdajì fítámì C rẹ̀ ti bàjẹ́ nínú sísá yẹn, ó ku mílígíráàmù 25.

Àdánù ńlá nìyẹn, ìdajì pátápátá. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí wọ́n máa kọ sára ọ̀rá: wọ́n á ṣírò rẹ̀ fún gíráàmù 100 ìyẹ̀fun. Mílígíráàmù 25 nínú gíráàmù 22 di nǹkan bí 113 nínú gíráàmù 100. Tútù jẹ́ 50, gbígbẹ jẹ́ 113. "Ó ju ìlọ́po méjì lọ!" Wọn kò parọ́. Omi ló lọ, ohun tó kù sún mọ́ra. Ohun tí wọn kò sọ ni pé èso tútù gíráàmù 450 ni wọ́n lò kí wọ́n tó rí gíráàmù 100 ìyẹ̀fun yẹn, mílígíráàmù 225 ló sì wà nínú rẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án.

Ó tún kù. Ta ló ń mu ìyẹ̀fun gíráàmù 100 lẹ́ẹ̀kan? Ṣíbí kékeré kan, bíi gíráàmù 5, ni wọ́n ní ká pò. Ìyẹn kò tó mílígíráàmù 6. Ẹni tó jókòó jẹ gíráàmù 100 èso tútù náà ti rí 50. Ìdí nìyí tí àwa tó ń ṣe àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ ní láàbù fi máa ń kọ́kọ́ yọ omi kúrò nínú ìṣirò, ká fi ohun gbígbẹ tútù wé ohun gbígbẹ ìyẹ̀fun. Tí a bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún èso wa yìí, 50 nínú gíráàmù 20 ló wà tẹ́lẹ̀, 25 nínú gíráàmù 20 ló kù. Ìdajì ti lọ. Kò sí ibi tó lè sá sí mọ́.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń dínkù

Ká má ṣe ojúsàájú. Àwọn polyphenol kan wà tó so mọ́ ara ògiri sẹ́ẹ̀lì èso. Ooru lè tú wọn sílẹ̀, kí àyẹ̀wò wá rí wọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ní 2002, àwọn onímọ̀ ní Cornell University ní Amẹ́ríkà se tòmátò ní 88°C fún ìṣẹ́jú 30. Fítámì C rẹ̀ dínkù ní nǹkan bí ìdá 29 nínú 100, síbẹ̀ àpapọ̀ agbára antioxidant rẹ̀ pọ̀ sí i, lycopene tó ń jẹ́ kí tòmátò pọ́n sì yọ jáde sí i. Nítorí náà tí ẹnì kan bá ní "sísá ń ba antioxidant jẹ́", ẹ bi í pé: èwo nínú wọn?

Ohun mìíràn tún wà tó jẹ́ ẹ̀rín. Nígbà tí ṣúgà àti purotéènì bá pàdé nínú ooru, wọ́n máa ń ṣe àwọ̀ pupa dúdú, bíi ti ara búrẹ́dì tàbí dòdò. Àwọn ohun tó jáde nínú ìpàdé yẹn náà lè fún free radical ní ẹ̀lẹ́ktrọ́nù. Èso tí a fẹ́rẹ̀ẹ́ sun jóná, tí fítámì C rẹ̀ ti lọ tán, lè wá gba máàkì tó dára nínú àyẹ̀wò.

Àyẹ̀wò wo? Èyí tó wọ́pọ̀ jù ní láàbù wa ni DPPH, tí Marsden Blois gbé jáde ní 1958. DPPH fúnra rẹ̀ jẹ́ free radical tó ní sùúrù, tó lè jókòó sínú ìgò. Àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ elésè-àlùkò. Tí a bá da omi èso sí i, tí antioxidant sì wà níbẹ̀, elésè-àlùkò á máa ṣí, á di bí àwọ̀ ìyeyè. Ẹ̀rọ á wá wọn bí àwọ̀ náà ṣe ṣí tó ní 517 nanometer. Ó rọrùn, kò wọ́nwó, ó sì dùn ún wò. Àmọ́ inú ìgò ló ti ṣẹlẹ̀. Kò sí ikùn níbẹ̀, kò sí ẹ̀dọ̀, kò sí ẹ̀jẹ̀.

Ibi tí àwọn oníṣòwò ti ń fo odò nìyẹn. Ilé iṣẹ́ ọ̀gbìn ìjọba Amẹ́ríkà ní àkójọ nọ́ńbà ORAC, ìwọ̀n agbára antioxidant oríṣiríṣi oúnjẹ nínú ìgò. Ní 2012 wọ́n yọ ọ́ kúrò, torí pé àwọn tó ń ta oògùn àfikún ń ṣì í lò, nọ́ńbà náà kò sì fi ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara èèyàn hàn. Èyí tó tún wúwo jù ni ti Fínlándì. Wọ́n fún àwọn ọkùnrin tó ń mu sìgá, 29,133 ni gbogbo wọn, ní oògùn àfikún. Àwọn kan gba beta-carotene mílígíráàmù 20 lójúmọ́, carotenoid kan náà tó wà nínú epo pupa. Èrò wọn ni pé yóò dín jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró kù. Nígbà tí èsì jáde ní 1994, àwọn tó gba beta-carotene ló ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró jù, ó fi ìdá 18 nínú 100 ju ti àwọn tí kò gbà á lọ. Oògùn oníhóró tó le ni wọ́n fún wọn o, kì í ṣe èso. Jíjẹ èso kò pa ẹnikẹ́ni lára báyìí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní kí ẹ fi oògùn ìtọ̀ ṣúgà tàbí ìtọ́jú jẹjẹrẹ yín sílẹ̀ torí antioxidant, ẹ bi í léèrè ọ̀rọ̀ Fínlándì yìí.

Tí ẹ bá fẹ́ sá a nílé

Èmi fara mọ́ sísá èso gan-an. Àgbálùmọ̀ ń kún ọjà láti oṣù Kejìlá dé oṣù Kẹrin, apẹ̀rẹ̀ tó ń jẹrà níbẹ̀ kò lóǹkà. Èso tó gbẹ tó pàdánù ìdajì fítámì C rẹ̀ ṣì sàn ju èyí tó jẹrà lọ.

Ẹ gé e pẹlẹbẹ, kó fẹ́lẹ́, kó lè tètè gbẹ. Ẹ bọ̀ ọ́ nínú omi gbígbóná fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì, bí àwọn ìyá wa ṣe ń bọ iṣu kó tó di èlùbọ́: ẹ́ńsáìmù jẹ́ purotéènì, omi gbígbóná á pa á. Ẹ má ṣe jẹ́ kó pẹ́ níbẹ̀, torí fítámì C á yọ́ sínú omi. Ẹ yẹra fún ìkòkò bàbà, bàbà ń mú kí fítámì C tètè bàjẹ́. Ẹ sá a sórí àwọ̀n tó ga nílẹ̀, kí afẹ́fẹ́ lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, kí ẹ sì fi aṣọ tó fẹ́lẹ́ bò ó kúrò lọ́wọ́ oòrùn gbangba, eṣinṣin àti eruku. Ẹ̀gbẹ́ títì kọ́ ni ibi tó yẹ.

Ẹ rí i dájú pé ó gbẹ tán. Èyí tí inú rẹ̀ ṣì tutù á hu, nínú àwọn ohun tó ń hu náà sì ni èyí tó ń ṣe aflatoxin, májèlé tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, tí ooru ìkòkò ọbẹ̀ kì í sì í pa tán. Tí ẹ bá rí i tó hu, ẹ dà á nù, ẹ má gé ibi tó hu kúrò kí ẹ jẹ ìyókù. Èyí tó gbẹ dáadáa, ẹ rọ ọ́ sínú ike tó ní ìdérí líle, kí ẹ gbé e síbi tó ṣókùnkùn tó sì tutù, torí fítámì C á máa dínkù lọ nínú ike náà lóṣooṣù.

Ti awin kò le. Ẹ ra elépo rẹ̀, kí ẹ máa fọ́ ọ bí ẹ ṣe ń jẹ ẹ́.